Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ: ADÌYẸ TÓ Ń SÀBA NÍGBÀ OORU

Ibi kíkà: Mátíù 23:37
Èrèdí ẹ̀kọ́ yìí: Kí a lè mọ ohun tó ń pa ọmọ sínú ẹyin nígbà ooru, àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ
Ní Ìwó níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti oṣù kejì ọdún títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa, páànù orí ilé wa a máa gbóná bí agbada tí a fẹ́ fi dín àkàrà. Àkókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ẹyin sábẹ́ adìyẹ, kí àwọn ọmọ náà lè tó tà kí Kérésìmesì tó dé.

Adìyẹ mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé kì í ṣe nǹkan kékeré fún obìnrin. Òun la fi ń ra ìwé ọmọ, òun la fi ń ṣe àlejò òjijì, òun la fi ń san owó ẹgbẹ́. Nítorí náà, bí adìyẹ bá jókòó fún ọjọ́ 21 tó sì jẹ́ pé òbu ló kù nínú ìtẹ́, ó máa ń dunni. Ó sì máa ń mú ni wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI
Ní ọdún kan, àgbébọ̀ mi kan yé ẹyin 13 sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná mi, ó sì sàba lé wọn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ méjì péré ló jáde. Ìyá àgbà kan ní agbo ilé wa ti wá yá odó lọ́wọ́ mi nígbà tí adìyẹ náà ń sàba. Wọ́n yọjú wò ó, wọ́n ní, “Ẹyin yìí mà pọ̀ o!” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọkàn mi lọ. N kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ojú mi yí padà sí wọn. Bí mo bá kí wọn, kò ti inú mi wá.

Ìyá yìí kan náà ló bá mi níbi tí mo ti fẹ́ da ẹyin yòókù nù. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, má tíì dà á nù. Jẹ́ ká fọ́ wọn wò.” A fọ́ mọ́kànlá. Méjì mọ́ kedere, kò sí nǹkan nínú wọn. Nínú méje, òrùka ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan la rí. Nínú méjì tó kù, ọmọ ti pé, ṣùgbọ́n ó ti kú. Ìyá wo páànù lókè, wọ́n gbé ọwọ́ lé ògiri, wọ́n wo ààrò. Wọ́n ní, “Ooru ló pa wọ́n. Ẹyin ti ń gbóná kí adìyẹ tó jókòó lé e.”

Mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ti ń rò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti mọ̀.

BÍ OORU ṢE Ń PA Á
Ẹyin tí àkùkọ lọ́wọ́ sí ti ní ọlẹ̀ nínú kí adìyẹ tó yé e. Bí ẹyin bá tutù lẹ́yìn tí a yé e, ọlẹ̀ náà yóò sùn. Kò kú, ó ń dúró de ìyá rẹ̀ ni. Lábẹ́ adìyẹ, ẹyin máa ń gbóná tó 37 sí 38°C. Ooru yìí ló ń jí ọlẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di òròmọdìyẹ.

Ṣùgbọ́n bí ibi tí ẹyin wà bá ti gbóná ju nǹkan bí 27°C lọ, ọlẹ̀ yóò jí lábọ̀. Ooru náà tó láti jí i, kò tó láti tọ́ ọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, agbára rẹ̀ a tán, a sì kú. Òun ni òrùka ẹ̀jẹ̀ tí a rí. Bí ẹyin tó wà lábẹ́ adìyẹ náà bá sì gbóná kọjá 40°C fún wákàtí mélòó kan, ọmọ tó ti ń pé pàápàá lè kú.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE
1. Ẹyin tuntun ni kí ẹ fi sàba. Adìyẹ ilẹ̀ wa lè lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó yé ẹyin 10 sí 12. Ẹ máa kó ẹyin lójoojúmọ́, kí ẹ fi ẹyọ kan tí ẹ ti fi èédú sàmì sí sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ àwọn ti ìṣáájú tàbí kí ẹ tà wọ́n. Àwọn tó yé láàárín ọjọ́ méje ìkẹyìn ni kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tí ẹ sàmì sí kúrò.

2. Ẹ tọ́jú ẹyin sí ibi tútù. Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ da yanrìn sáàárín méjèèjì, kí ẹ máa fi omi rin yanrìn náà láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ kan láti òkè Ọya, Mohammed Bah Abba, gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí pé ó tan irú ìkòkò yìí ká láti fi tọ́jú ẹ̀fọ́ àti èso. Ẹ tẹ́ aṣọ gbígbẹ sínú rẹ̀, kí ẹnu ẹyin tó ṣóńṣó wà nísàlẹ̀. Ẹ má fọ ẹyin.

3. Ẹ yan ibùjókòó fún un. Kí ó má ṣe sí lábẹ́ páànù tàbí nítòsí ààrò. Ibòji igi tàbí abẹ́ ìbòrí koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló dára. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀, kí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ lé e. Ẹ bu eérú díẹ̀ sábẹ́ koríko nítorí iná ara adìyẹ, torí iná lè lé e dìde lórí ẹyin. Alẹ́ ni kí ẹ gbé adìyẹ lé ẹyin.

4. Omi, omi, omi. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bí ẹ bá rí i tó la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó na apá kúrò lára, ibẹ̀ ti gbóná jù. Ẹ gbé omi tútù sítòsí, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹ fi àpò tí ẹ ti rin dí apá ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Bí ó bá dìde lọ jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ẹ má lé e padà, yóò padà fúnra rẹ̀.

5. Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin. Èyí tó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ bí òwú aláǹtakùn ti ní ọmọ. Èyí tó mọ́ kedere tàbí tó ní òrùka ẹ̀jẹ̀, ẹ yọ ọ́.

6. Láti ọjọ́ 19, ẹ má fọwọ́ kan wọn mọ́. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ yí ìtẹ́ ká, kì í ṣe sára ẹyin. Ẹ má bá ọmọ bó èèpo.

LẸ́YÌN TÍ WỌ́N BÁ PA
Ẹ da àgò bo ìyá àti ọmọ fún ìgbà díẹ̀ nítorí àwòdì. Ẹ bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ tí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí, kí ọmọ má bàa rì. Àrùn Newcastle ni ọ̀tá ńlá tó kù. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní I-2 ń fara da ooru ju àwọn mìíràn lọ, ojú adìyẹ ni wọ́n sì ń kán an sí. Ìgò kan máa ń tó ọ̀pọ̀ adìyẹ, nítorí náà ẹ dáwó jọ, kí ẹ pe oníṣègùn ẹran ọ̀sìn.

Ẹ má sì kórìíra adìyẹ abọ́lọ́rùn. Àwọn kan nínú wa ń sá fún un pé adìyẹ ètùtù ni. Àìníyẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀ ló jẹ́ kí ooru tètè kúrò lára rẹ̀, ó sì wúlò ní ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa.

ÌPARÍ
Olúwa fi ìfẹ́ rẹ̀ wé ti àgbébọ̀ tó ń kó ọmọ sábẹ́ ìyẹ́. Kí àwa náà má ṣe lé aládùúgbò kúrò lábẹ́ tiwa nítorí òrùka ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Níbo ni ẹyin ń gbé nílé yín kí adìyẹ tó sàba? Ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri ibẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán.
2. Ta ni a ti dá lẹ́bi nínú ọkàn wa nítorí ohun tí àìmọ̀ wa fà? Kí ni a ó ṣe sí i?
3. Ẹni mélòó nínú wa ló ní adìyẹ, kí a lè jọ ra àjẹsára?