Ọyẹ́ àti Awọ Ara Àgbà

Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 1, ròyìn ọjọ́ ogbó Dáfídì: aṣọ kò mú un móoru mọ́. Bí òtútù bá kan ara, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú awọ a máa fún pọ̀, kí ooru má baà jáde. Lára àgbàlagbà, wọn kì í tètè fún, wọn kì í sì í fún tó ti ọ̀dọ́. Àgbà pàápàá lè má tètè mọ̀ pé òtútù ti wọ òun lára.

Nítorí náà, nígbà ọyẹ́ ní Ọ̀wọ̀ àti Ìdóàní, ẹ má ṣe dúró kí Bàbá tàbí Ìyá tó sọ̀rọ̀. Ẹ fi aṣọ bò wọ́n. Ẹ gbé omi ìwẹ̀ wọn kaná. Bí ooru ara wọn bá wálẹ̀ ju 35°C lọ, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.