Ẹrẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Omi àti Oko Tí Ajílẹ̀ Ti Pọ̀jù

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2014, àwọn aláṣẹ ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn tí iye wọn lé ní 400,000 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi ẹ̀rọ. Síse omi náà kò ṣe àǹfààní kankan, nítorí pé oró inú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí iná ń pa. Láti inú adágún ńlá Erie ni ìlú náà ti ń fa omi; àwọn ohun tíntìntín aláwọ̀ ewé kan ni ó gbilẹ̀ nínú adágún náà tí wọ́n sì tu oró sí i. Ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni a tó yọ̀ǹda omi fún mímu.

Láti oko ni oúnjẹ àwọn ohun aláwọ̀ ewé náà ti wá. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni orúkọ rẹ̀. Irúgbìn kò lè ṣe aláìní in, ó wà nínú ajílẹ̀ tí a ń rà, ó sì pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìẹ àti ti màlúù. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá da ìgbẹ́ sí oko lọ́dọọdún ju èyí tí irúgbìn lè lò lọ, ìyókù a máa kó jọ sínú ilẹ̀, òjò a sì máa wọ́ ọ lọ sí odò. Bí ó tilẹ̀ dáwọ́ dúró lónìí, èyí tí ó ti kó jọ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó tán.

Ìyá tí ó bá ti fi álọ́ọ̀mù sí omi odò nínú àmù rí ti mọ ìdajì ọ̀nà àbáyọ náà. Ìdọ̀tí a máa dì mọ́ra, a sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bákan náà ni ilé-iṣẹ́ omi ń ṣe. Ẹrẹ̀ tí ó bá rọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń kó dànù, owó kékeré kọ́ sì ni kíkó rẹ̀ ń náni. Àlùmíníọ̀mù tí ó ti inú álọ́ọ̀mù wá ṣì wà nínú ẹrẹ̀ yìí, bí ó bá sì pàdé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, a dì í mú ṣinṣin. Nítorí náà ni a ṣe ń sá ẹrẹ̀ náà, tí a ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, tí a sì ń rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, tàbí kí a tò ó sí ẹsẹ̀ oko níbi tí àgbàrá ń gbà lọ. Ní ìpínlẹ̀ Michigan, wọ́n yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò ní ohun tí ó lé ní ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹrẹ̀ náà sí i, ìdè náà kò sì tíì tú.

Kì í ṣe gbogbo oko ni ó yẹ kí a da ẹrẹ̀ yìí sí. Ọ̀pọ̀ oko ní ilẹ̀ Yorùbá ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó nínú wọn. Ẹni tí ó bá da ẹrẹ̀ yìí sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ já oúnjẹ gbà lẹ́nu àgbàdo rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé adìẹ tí a ti ń da ìgbẹ́ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ náà lè kàn, kí a sì kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bí ilẹ̀ bá kan jù, àlùmíníọ̀mù lè yọ́ kí ó sì ba gbòǹgbò irúgbìn jẹ́. Ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń fẹ́ àyẹ̀wò, nítorí pé ohun búburú tí ó bá wà nínú odò lè bá a wá.

Ẹrẹ̀ náà kì í kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò nínú ilẹ̀. Dídè ni ó ń dè é. Bí a bá ń da ìgbẹ́ lé e lórí lọ́dọọdún, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí àyè mọ́ lára àlùmíníọ̀mù náà, àgbàrá yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìyókù lọ sí odò.