Ẹ Kí I Kí Àkókò Rẹ̀ Tó Kọjá

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọn a sì kó wọn lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ jọjọ nínú wọn. Àjàyí Crowther wà lára wọn. Ọdún 1822 ni wọ́n gbé e gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀yọ́ ni àwọn kan, Ẹ̀gbá ni àwọn kan, Ìjẹ̀ṣà ni àwọn mìíràn. Àwọn tí wọ́n bá nílùú náà kò mọ ibi tí oníkálukú ti wá, ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn tàárọ̀-tàlẹ́ ni wọ́n ń gbọ́: ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún. Bí wọ́n ṣe sọ wọ́n ní Akú nìyẹn. Orúkọ náà wà nínú ìwé Polyglotta Africana tí Koelle tẹ̀ jáde ní 1854, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ìran wọn ní Freetown sì ń jẹ́ Oku títí di òní. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rò ó wò. Wọ́n ti pàdánù ilé, wọ́n pàdánù oko, wọ́n pàdánù ẹbí, síbẹ̀ ìkíni kò bọ́ lẹ́nu wọn.

Ọ̀rọ̀ ìkíni yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, àwọn àgbà yòókù ti sọ ìyẹn fún yín tó. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti fẹ́ẹ̀ ká gbogbo ìkíni wa kò sójú kan. Gúdú mọ́níìn láàárọ̀, báwo ni lọ́sàn-án, ó dàárọ̀ lálẹ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀, nǹkan tó ń lọ lọ́wọ́ lára èèyàn gan-an ni àwọn bàbá wa ń kí, nǹkan ọ̀hún kì í sì í pẹ́ kọjá. Ẹni tó jókòó la ń kí pé ẹ kú ìkàlẹ̀. Bó bá ti dìde, ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu mọ́. Bí òjò bá dá, ẹ kú òjò náà dá nìyẹn. Oòrùn gòkè díẹ̀, kò tíì kan àtàrí, ìyálẹ̀ta nìyẹn, ó ní ìkíni tirẹ̀. Oòrùn wọ̀, a ṣì ń rí ojú ara wa, àṣálẹ́ nìyẹn, òun náà ní tirẹ̀. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 péré ni ìmọ́lẹ̀ yẹn fi ń bá wa gbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ti ibẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ tiwa yìí, àwọn bàbá wa kò jẹ́ kó kọjá láìkí i.

Mo ti rí ibi tí èyí ti ṣiṣẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ń retí ọmọ rẹ̀ láti Kánò. Ilẹ̀ ti ń ṣú, fóònù ọmọ kò lọ, màmá ti gbé ọbẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí títì. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọjá, wọ́n ń kí i dáadáa: ẹ káalẹ́ mà, ẹ káalẹ́ mà. Ó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò ní títì. Ọmọbìnrin kan ló dúró, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ojú lọ́nà, màmá. Wọ́n á dé láyọ̀." Ìyá yìí yíjú sí i, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àmín, ọmọ mi. Wá jókòó." Ó wá ń sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un. Gbogbo àwọn tó ṣáájú náà ló kí i, àmọ́ ọmọ yẹn nìkan ló kí ohun tó ń ṣe é. Bí ọmọ tó ń bọ̀ bá ti wọlé, kò sí ojú lọ́nà mọ́ láti kí.

Ti ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí tún gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aboyún la ń kí pé àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Ó bímọ tán, ó di ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Bí ọmọ náà kò bá wá dúró, àwọn àgbà á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí: ìyá tó yè la ń sọ ọ́ fún, nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù. Bí oṣù bá ti gorí oṣù, ẹ má lọ fi ọ̀rọ̀ yẹn tú egbò ẹni ẹlẹ́ni. Bákan náà ni ti òkú. Ẹni tó sin bàbá arúgbó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè tọ́ sí i. Ẹni tí ọ̀dọ́mọdé kú mọ́ lọ́wọ́, ẹ kú ìrọ́jú la ń kí i, ohùn wa a sì lọ sílẹ̀. Àmọ́ lórí fóònù, mo ń rí i tí ẹ ń fi àwòrán àbẹ́là kan náà ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Fóònù kọ́ ló ṣẹ̀. Ẹ lè fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ sọ èyí tó bá òkú náà mu.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ní tiwọn. Ojú gbooro o, fún ẹni tó ń dirun. Àrẹ̀dú o, fún aláró. Ajé á wọgbá, fún ọlọ́jà.

Ẹ lè ní ẹ ò mọ̀ wọ́n tán. Èmi náà ò retí kí ẹ há wọn sórí. Ẹ wo ohun tí ẹni náà ń ṣe tàbí ohun tó ń ṣe é, kí ẹ fi ẹ kú ṣáájú rẹ̀, èdè wa á gbà á. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹ kú àtúnṣe. Ẹni tó ti wà lórí ìlà ní ilé epo láti ìdájí, ẹ kú ìdúró. Bí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ l'Ékòó, tí ẹ kí dẹ́rẹ́bà pé ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àwọn baba wa kò ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tiwọn, ṣùgbọ́n wọn ì bá mọ̀ pé ọmọ wọn ló ń sọ̀rọ̀.

Bí àkókò bá sì ti bọ́, ẹ má díbọ́n bí ẹni pé kò bọ́. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta wà fún ìyẹn. Ìnáwó ní tirẹ̀ a máa fún wa láyè ọjọ́ kan sí i: ẹ kú ìnáwó àná. Bí aládùúgbò yín bá sọmọ lórúkọ lánàá, ẹ yà síbẹ̀ láàárọ̀ yìí kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n tó tú àtíbàbà, kí wọ́n tó kó àga padà fún ẹni tó ni ín.