Ọ̀gbàrá Kì í Ṣe Kólẹ̀kólẹ̀

 

Bí òjò bá ti ṣú, tí ẹ̀fúùfù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, iṣẹ́ méjì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ilé máa ń sáré ṣe. Èkíní ni kí wọ́n ká aṣọ tí wọ́n sá. Èkejì ni kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí síta, kí wọ́n sì dúró de ọ̀gbàrá. Bí ọ̀gbàrá bá ti dé, wọn a da ìdọ̀tí náà sínú rẹ̀, omi a sì gbé e lọ. Ilé mọ́, ojúde mọ́, ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti ṣe é rí, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí mo kọ́. Ibi tí ìdọ̀tí náà ń lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, àti ohun tí òfin wí nípa rẹ̀.

ỌMỌ MẸ́TA LÁTI INÚ AGBO ILÉ KAN

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n gbé ọmọ mẹ́ta wá sí dìsípẹ́ńsárì wa láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Ìgbẹ́ gbuuru ni gbogbo wọn ń yà, inú agbo ilé kan náà ni wọ́n sì ti wá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ tètè dé. A fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ara wọn sì yá. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta. Òru ni ìgbẹ́ náà mú un. Òjò ń rọ̀, ọ̀gbàrá ti gba ojú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ kò sì rí ibi kọjá. Nígbà tí ó fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní òwúrọ̀, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú, bí a bá sì fi ọwọ́ fa awọ ikùn rẹ̀, kì í tètè padà sí ipò mọ́. A fi mọ́tò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi dákẹ́.

Ìyá rẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn ní ọjọ́ náà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ni mo fún un jẹ?"

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí agbo ilé náà. Ẹsẹ̀ òkè ni ó wà. Kànga wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ẹnu rẹ̀ kò ga kúrò nílẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, pákó kan ni wọ́n sì fi ń bò ó. Gọ́tà náà ti kún dí fún ọ̀rá, ìgò, èèpo iṣu àti ìtẹ́dìí ọmọ. Nítorí pé omi kò rí ọ̀nà gbà nínú gọ́tà, ó ti gba orí ilẹ̀, ó sì ti wọ inú kànga.

Mo kí Bàbá tí ó jẹ́ baálé ilé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn pé kí wọ́n kó ìdọ̀tí wọn kúrò. Bàbá jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Wọ́n ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí yìí kì í ṣe tiwa. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ ni ó ń gbé e wá bá wa."

Mo ní, "Láti ibo ni, Bàbá?"

Bàbá na ọ̀pá wọn sí òkè. "Láti àdúgbò yẹn."

Ẹ̀yin ará, àdúgbò tí èmi ń gbé ni Bàbá na ọ̀pá sí.

BÍ OMI ÒJÒ TI Ń DI OMI ÀRÙN

Omi òjò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ilẹ̀ tí ó ní koríko àti igi a máa mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pánù kì í mu omi, kọnkéré kì í mu omi, ọ̀nà ọlọ́dà kì í mu omi. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí òjò tí ó tó mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, omi tí yóò ṣàn wálẹ̀ yóò tó nǹkan bí lítà 5,000. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà 200 nìyẹn, láti orí ilé kan ṣoṣo! Ẹ wá fojú inú wo àdúgbò tí ó ní ilé ọgọ́rùn-ún.

Bí omi yìí ti ń ṣàn lọ, ohun gbogbo tí ó bá pàdé ni ó ń gbá mọ́ra. Ó gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìyẹ. Ó gbá èyí tí ọmọdé yà sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ihò ṣáláńgá bá ti kún, ó wọ ibẹ̀, ó sì kó ohun tí ó wà níbẹ̀ jáde. Ó gbá ẹ̀jẹ̀ àti ìfun láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Ó gbá ọ́ìlì dúdú láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbé lọ sínú kànga, sínú odò, àti sínú oko ẹ̀fọ́ tí ó wà ní etí odò.

Àwọn àrùn tí ó ń ti ibẹ̀ wá nìwọ̀nyí: àrùn onígbáméjì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, tí ó sì lè pa àgbàlagbà láàrin wákàtí díẹ̀ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀; ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun; ìgbẹ́ ọ̀rìn; àti aràn inú. Omi tí ó dúró sójú kan lẹ́yìn òjò ni ẹ̀fọn tí ń fa ibà ń yé ẹyin sí. Gọ́tà tí ó dí, tí omi rẹ̀ ń rùn, sì jẹ́ ilé fún irú ẹ̀fọn mìíràn, tí ó lè gbé kòkòrò tí ń fa jàbùtẹ̀ káàkiri.

OHUN TÍ OJÚ ÌBÀDÀN TI RÍ

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àdúgbò kékeré kan ni èyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn lẹ́yìn òjò ńlá, ó sì gbé ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, pẹ̀lú ilé àti ọjà. Àwọn àgbà tí ó ṣojú wọn kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi kọnkéré la ọ̀nà fún odò náà.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn rọ̀ ní Ìbàdàn kan náà. Odò kún, afárá já, ẹ̀mí tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ tún ṣòfò. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ó dí ojú omi, àti ilé tí a kọ́ sí etí odò, wà lára ohun tí ó sọ òjò di ikú. Kọnkéré ìjọba kò lè ran ẹni tí ń da ilẹ̀ sínú odò lọ́wọ́.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọlé-wọlé kàn ń yọ aráàlú lẹ́nu ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ olúkúlùkù.

Èkíní, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ṣíṣe gọ́tà àti títọ́jú rẹ̀, àti kíkó ìdọ̀tí dànù, mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí gọ́tà àdúgbò yín bá wó, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìwé sí wọn, kí ẹ sì máa bi wọ́n léèrè.

Èkejì, iṣẹ́ onílé àti ayálégbé. Wọlé-wọlé ní agbára láti wo àyíká ilé, kí ó sì fún ẹni tí ó bá ní ohun tí ó lè fa àrùn ní ìwé ìkìlọ̀ pé kí ó mú un kúrò. Bí ẹni náà bá kọ etí ikún, ilé ẹjọ́ ni yóò bá a sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá ba omi jẹ́. Abala 245 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní Criminal Code, wí pé ẹni tí ó bá sọ omi ìsun, odò tàbí kànga di aláìmọ́, tí kò fi dára mọ́ fún ohun tí a ń lò ó fún, ti ṣẹ̀, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura.

Ẹ̀kẹrin, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ilé iṣẹ́. Òfin NESREA ti ọdún 2007 ka dída ohun olóró tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá sí ilẹ̀ tàbí sínú omi léèwọ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ máa gba ọ́ìlì tí a ti lò sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ dé e, kí ẹ sì tà á fún àwọn tí ń rà á. Kì í ṣe ohun tí à ń dà sí gọ́tà.

OHUN TÍ A ṢE NÍ ÀDÚGBÒ WA

Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ Bàbá dé, mo lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa. Mo sọ ìbéèrè tí ìyá ọmọ náà bi mí fún wọn, mo sì sọ pé omi kànga ni ó fún ọmọ rẹ̀ mu, ìdọ̀tí wa sì wà nínú rẹ̀, títí kan ti ilé tèmi. Àgbà ọkùnrin kan dìde, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, owó ni kólẹ̀kólẹ̀ ń gbà. Ọ̀gbàrá kì í gba owó."

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ó ń gba owó. Kì í ṣe lọ́wọ́ wa ni ó ti ń gbà á ni."

Ìjiyàn pọ̀, ṣùgbọ́n ní ìpàdé kẹta a fi ẹnu kò sí àwọn ìlànà wọ̀nyí, ẹ̀yin náà sì lè lò wọ́n:

1. Ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò máa kó gọ́tà iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹrẹ̀ tí a bá kó jáde kò gbọdọ̀ sùn sí etí gọ́tà, nítorí òjò tí ń bọ̀ ni yóò dá a padà.

2. Inú àpò tí a dì lẹ́nu ni ìdọ̀tí yóò wà títí kólẹ̀kólẹ̀ yóò fi dé. Àwọn ilé tí owó wọn kò tó yóò pa owó pọ̀.

3. A fi irin dábùú ibi tí gọ́tà wa ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ òkè, kí ọ̀rá àti ìgò lè dúró lọ́dọ̀ wa. A ń kó ibẹ̀ lẹ́yìn gbogbo òjò, nítorí bí a kò bá kó o, irin náà fúnra rẹ̀ yóò dí omi.

4. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ihò ṣáláńgá sínú òjò. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí ó má sì wà ní òkè kànga.

5. Ẹni tí kò bá tí ì fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá rẹ̀, kí ó fi koríko tàbí igi díẹ̀ sílẹ̀, kí ilẹ̀ lè máa mu omi.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń pa á mọ́. Àwọn kan ṣì ń yọ́ ìdọ̀tí dà lóru. Ṣùgbọ́n gọ́tà ẹsẹ̀ òkè kò kún bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, àwa ará òkè sì dáwó, a bá Bàbá gbé ẹnu kànga wọn sókè, a sì ṣe ìdérí tí ó dára sí i.

BÍ Ọ̀GBÀRÁ BÁ TI WỌ KÀNGA YÍN

Ẹ má ṣe mu omi náà. Ẹ pe wọlé-wọlé tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kí wọ́n lè bá yín fi oògùn apakòkòrò sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́n ọ́n, tí ẹ sì ti fọ̀ ọ́. Títí di ìgbà náà, ẹ máa se omi mímu títí yóò fi hó gúlúgúlú fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù nínú ohun tí ó ní ìdérí. Álọ́ọ̀mù a máa jẹ́ kí omi tòrò, ṣùgbọ́n kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn. Omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ wá lítà kan omi tí ó mọ́, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rá omi onísẹ́ńtílítà 50 méjì. Ẹ fi ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé lórí sí i, àti ìdajì ṣíbí iyọ̀. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì máa fún ọmọ náà ní díẹ̀díẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ tí ń mu ọmú má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí kò bá lè mu omi, bí kò bá tọ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà bí ó bá lè mu ún.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó da ìdọ̀tí sínú ọ̀gbàrá, ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń bá a tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, nígbà tí òjò bá tún ṣú, ẹ sáré ká aṣọ yín. Ẹ jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí wà níbi tí ó wà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àlàáfíà fún yín o.