Àpótí Ìmọ̀: Owó Ọmọ Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Eleanor Rathbone, obìnrin aṣòfin, jà fún owó ìtọ́jú ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dunni pé ó kú ní 1946 gan-an, kí wọ́n tó san àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún náà.

Lónìí, ẹni tó ń tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 lè gbà á. Bí ọmọ bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, owó náà lè máa wọlé títí ọmọ yóò fi pé 20. Ìyá tó jẹ́ ọmọ onílùú lè gbà á bó tilẹ̀ ń lọ sí yunifásítì.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà wá láti Èkó tàbí Ìbàdàn yàtọ̀. Físà náà ka owó yìí léèwọ̀ fún un, ẹni tó bá sì rú òfin náà lè pàdánù físà rẹ̀.