Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Soclogbo, ní ilẹ̀ Benin, tí ẹ ń sọ Ìdáàṣà nílé, tí ẹ ń fi Faransé kàwé, ọwọ́ òfìfo kọ́ lẹ gbé lọ bá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, Faransé di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ńláńlá Gẹ̀ẹ́sì fi jọ èyí tí ẹ ti mọ̀: justice, government, liberty. Ẹni tó mọ nécessaire ti mọ necessary. Bí wọ́n ṣe ń pè é ló kù.

Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ibi tí a ti ń yá ìwé kà ni library, kì í ṣe ibi tí a ti ń rà á bíi librairie. Ẹni tó bá attend ìpàdé kò dúró dè é bíi ti attendre. Ó lọ síbẹ̀ ni. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún irú wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí Faransé ò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí wọn, bíi put off àti give up, ló le jù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọ̀rọ̀ mẹ́ta lójúmọ́ tó. Ẹ kọ odidi gbólóhùn: They put off the meeting because of the rain. Ẹ kà á sókè. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ fọwọ́ bo ìwé, kí ẹ bi ara yín. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún bi ara yín.

Ẹ wo Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá: ọdún 1821 ni wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ilẹ̀ Sàró (Sierra Leone) ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1843, ó tẹ ìwé kan jáde tó to ọ̀rọ̀ Yorùbá, tó sì fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ wọn. Kò sọ èdè ìyá rẹ̀ nù kó tó mọ ti òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Ẹ má kó ọ̀rọ̀ jọ láti fi dẹ́rù ba ẹgbẹ́ yín. Bí ike oògùn apakoríko bá ti Nàìjíríà wọlé, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lára rẹ̀, ẹni tó bá mọ dilute ló máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n bu omi là á kí wọ́n tó fọ́n ọn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.