Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Oúnjẹ Tí Dókítà Kọ Sínú Ìwé

 Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, mi ò ní kọ́ yín pé oúnjẹ dára. Ẹ ti ń ro àmàlà, ẹ ti ń se ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó bí èmi tí mò ń kọ ìwé yìí. Mi ò sì ní tún adójútòfò ìlera ṣàlàyé. A ti kà á nínú Ẹ̀kọ́ Kẹjọ pé owó díẹ̀díẹ̀ tí gbogbo wa dá jọ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí àìsàn bá dé bá. Ẹni tó bá ní káàdì Ìlera Èkó, ìyẹn adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́wọ́ mọ̀ bó ṣe ń rí.

Ohun tuntun inú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, adójútòfò ìlera ti ìjọba máa ń sanwó oúnjẹ fún aláìsàn, bó ṣe ń sanwó oògùn fún un.

Ibí yìí gan-an ni àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín ti ń ṣì í gbọ́. Bí mo bá ti sọ ọ́ báyìí, ariwo á ta: “Páálíétíìfù!” Ìyá kan tiẹ̀ bi mí pé níbo ni wọ́n ti ń tò ó. Mi ò bá ìyá náà wí. Oúnjẹ tí ìjọba fi ń ránṣẹ́ sí wa, nínú àpò ìrẹsì tí wọ́n ya àwòrán olóṣèlú sí la ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀, oúnjẹ ìtọ́jú ni. Ẹ jẹ́ ká kà á pa pọ̀, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà:

Oúnjẹ ìtọ́jú kì í ṣe sàráà.

Ẹ tún un kà. Oúnjẹ ìtọ́jú kì í ṣe sàráà.

Kí ló fà á tí kì í fi í ṣe sàráà? Mo máa ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan tí kò tíì pọ́n sórí tábìlì ní kíláàsì. Ẹ fọkàn wò ó: èèpo rẹ̀ ṣì le, oje rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fún ẹni mẹ́ta ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí.

Àtọ̀gbẹ ń ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kì í tètè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè bí èyí tó ti pọ́n, nítorí náà dókítà lè ní kó jẹ díẹ̀, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kíndìnrín ẹnì kejì ti bàjẹ́. Èròjà kan wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù. Kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń fi ìtọ̀ gbé èyí tó bá pọ̀ jù jáde. Kíndìnrín tó ti bàjẹ́ kò lè gbé e jáde mọ́. Yóò máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró. Bí ẹni yìí bá tilẹ̀ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi omi púpọ̀ bọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì da omi náà nù.

Ẹnì kẹta, ọmọ ọdún méjì ni. Ó rù, irun rẹ̀ ń pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan kò lè gbé ọmọ yìí dìde. Àìsàn tó ń ṣe é ju ebi lọ, ilé ìwòsàn ló yẹ kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni o. Ó dára fún ẹnì kan, ó lè pa ẹnì kejì, kò sì tó fún ẹnì kẹta. Ẹni tó ń ṣe sàráà, ìbéèrè kan ló ń béèrè: Ta ni ebi ń pa? Ìbéèrè dókítà pé mẹ́rin: Àìsàn wo ni? Oúnjẹ wo? Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó? Títí di ìgbà wo? Ohun tí kò bá ti la ìbéèrè mẹ́rin yìí kọjá, kì í ṣe ìtọ́jú, bó ti wù kó dùn tó.

Àwọn kan ti jà fún ọ̀rọ̀ yìí rí. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí ló tẹ ìlú Mound Bayou dó ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1887. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń ká òwú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọwọ́ ká a, ebi sì wọlé. Lọ́dún 1967, Dókítà Jack Geiger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ilé ìwòsàn síbẹ̀. Bí wọ́n ti ń wo àwọn ọmọdé sàn ni àìsàn ń padà, torí kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò nílé. Ni wọ́n bá mú ìwé tí wọ́n fi ń kọ oògùn, wọ́n kọ wàrà sí i, wọ́n kọ ẹran, wọ́n kọ ẹ̀fọ́ àti èso, wọ́n sì kọ iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn òbí mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù sì gba owó rẹ̀ nínú owó oògùn ilé ìwòsàn. Inú bí ìjọba tó ń gbé owó náà sílẹ̀. Wọ́n ní owó oògùn ni, àìsàn ni kí wọ́n fi wò. Geiger fèsì pé nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tí òun kà, oúnjẹ ni wọ́n fi ń wo àìsàn àìjẹunkánú. Wọn ò rí i já ní koro. Àwọn ará ibẹ̀ tilẹ̀ dá oko alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kí oúnjẹ má baà wọ́n wọn.

Adójútòfò ìjọba Amẹ́ríkà tó wà fún àwọn tí owó wọn kò tó, Medicaid lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lábẹ́ òfin rẹ̀, kì í sábà sanwó oúnjẹ tí èèyàn ń jẹ nílé, àfi kí ìpínlẹ̀ gba àyè lọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ Massachusetts bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀ lọ́dún 2020. California tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní ọdún 2022: oúnjẹ tí wọ́n sè ní ìbámu pẹ̀lú àìsàn onítọ̀hún, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àìsàn náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Àìsàn rẹ̀ wà níbẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀, àsìkò rẹ̀ wà níbẹ̀. Sàráà kọ́ nìyẹn.

North Carolina náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n nígbà tí ìpínlẹ̀ kò gbé owó sílẹ̀ fún un mọ́, ó dúró ní oṣù keje ọdún 2025. Ó dùn mí. Kò sí ẹni tó máa dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró láàárín ọ̀nà tí a ó ní ó ṣe rere. Nígbà tí àwọn aṣòfin bá rò pé sàráà ni oúnjẹ yìí, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé kúrò nínú ìṣúná.

Mo ní láti kìlọ̀ fún yín. Bàbá kan nínú kíláàsì tó kọjá gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí tán, ó lọ sílé, ó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀fọ́ ti dọ́gba pẹ̀lú oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ìtọ́jú kì í lé oògùn jáde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí, àfi bí dókítà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tó. Bí irú ètò yìí bá sì dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kan, ẹni tí ara rẹ̀ le tó purọ́ àìsàn kó lè rí i gbà, oògùn ẹlòmíràn ló gbé jẹ.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé yín, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: Àìsàn wo ni? Oúnjẹ wo? Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó? Títí di ìgbà wo? Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń lọ sí kílíníìkì, tàbí tí ẹ bá ń sin ará ilé yín lọ, ẹ mú ìwé náà dání. Ẹ kà á sí nọ́ọ̀sì létí, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín kọ ohun tó bá sọ sí àwọn àyè náà.